Thomas Fuller: Ọmọ Áfíríkà Tó Fi Orí Ka Ìṣẹ́jú-Àáyá Àádọ́rin Ọdún

Ìfáárà

Kí gègé àti tádàwà tó dé ọ̀dọ̀ wa ni àwọn baba ńlá wa ti ń ka nǹkan. Àgbẹ̀ ń ka ebè, alájàpá ń ka owó ẹyọ, ìyá olóbì ń ka obì. Ní Ilé-Ogbó, tó jẹ́ olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire nítòsí Ìwó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, iye ebè ni àgbẹ̀ àtijọ́ fi ń sọ bí oko rẹ̀ ṣe tóbi tó. Bí ó bá ní òun kọ igba ebè, ẹni tó gbọ́ ti mọ ìwọ̀n ilẹ̀ tí ó ń sọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kọ́ni lónìí ni ojora máa ń mú bí nọ́ńbà bá ti gùn ju díjíìtì mẹ́fà lọ. A máa ń wò ó bí òkìtì yanrìn tí ẹnikẹ́ni kò lè gbé.

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí kò mọ̀ ọ́n kọ, kò sì mọ̀ ọ́n kà. Ẹrú ni títí ó fi kú ní 1790. Thomas Fuller ni orúkọ tí wọ́n ń pè é ní ilẹ̀ àjèjì, ṣùgbọ́n òkìkí rẹ̀ kàn láti Amẹ́ríkà dé Yúróòpù nítorí àwọn nọ́ńbà ńlá tí ó ń ṣírò láìmú gègé. Èrò wa ni pé ìtàn rẹ̀ kọ́ wa ní ohun kan tó ṣe gúnmọ́: nọ́ńbà ńlá dà bí ilé tí a mọ ní ìpele-ìpele, ẹni tó bá sì mọ bí a ṣe mọ ọ́n lè gbé e sínú orí. A ó kọ́kọ́ sọ ìgbésí-ayé rẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó tú àwọn nọ́ńbà rẹ̀ palẹ̀, kí a tó wo ohun tí olùkọ́ lè rí mú nínú rẹ̀.

Ìgbà Èwe àti Ìkólẹ́rú

Nǹkan bí ọdún 1710 ni wọ́n bí Fuller ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé láàrin Làìbéríà àti orílẹ̀-èdè Benin ti òde òní ni wọ́n ti kó o. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ kò kọ orúkọ ìlú rẹ̀, wọn kò sì kọ orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ìyẹn gan-an jẹ́ ara ohun tí òwò ẹrú gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Nítorí náà, kò yẹ kí Yorùbá, Fọn tàbí Akan kankan dìde pé tiwa nìkan ni. Ọmọ gbogbo etíkun náà ni.

Ní 1724, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n kó o gba orí òkun lọ sí Virginia, tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kì í ṣe ìkókó. Ó ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń nájà, ó sì ti rí bí àgbà ṣe ń ka ọjà. Jean Barbot, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó bá wọn ṣòwò ẹrú ní etíkun wa, jẹ́rìí sí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1732, ó ṣàlàyé pé àwọn ará Ouidah máa ń fi orí ṣírò owó tó tó ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, bí àwọn òyìnbó ti ń fi gègé ṣe é ni wọ́n ṣe ń yára tó, tí ó sì ń péye. Ọjà irú etíkun bẹ́ẹ̀ ni ilé-ìwé àkọ́kọ́ tí Fuller lọ.

Ìgbé-Ayé Oko àti Òǹkà

Presley Cox àti aya rẹ̀, Elizabeth, ni olówó Fuller. Oko wọn wà ní nǹkan bí máìlì mẹ́rin sí ìlú Alexandria ní Virginia. Iṣẹ́ oko tó le ni Fuller ṣe ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Kò sí olùkọ́ tó jókòó tì í, kò sí wàláà, kò sì sí ìwé.

Àkọsílẹ̀ tó wà nípa rẹ̀ sọ pé ó bẹ̀rẹ̀ láti orí kíka ení títí dé ẹ̀wá, ó sì tẹ̀ síwájú títí ó fi lè ka ọgọ́rùn-ún. Inú rẹ̀ dùn nígbà náà, ó sì ka ara rẹ̀ sí ọlọ́gbọ́n. Lójú tiwa, ó ṣòro láti gbà pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan láti etíkun tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò mọ ení-èjì tẹ́lẹ̀. Ó jọ pé òǹkà ní èdè àwọn tó rà á ni ó ń kọ́. Ẹni tí wọ́n gba èdè lẹ́nu rẹ̀ ní láti tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení.

Lẹ́yìn èyí ni ó wá ohun tí yóò máa kà. Ó ka irun ìrù màlúù kan lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i pé ó jẹ́ 2,872. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, ẹgbẹ̀rìnlá ó lé méjìlélàádọ́rin ni. Ó tún ka hóró àlìkámà tó kún òṣùwọ̀n ńlá kan. Díẹ̀díẹ̀, ó kúrò lórí kíka nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bọ́ sórí ìsọdipúpọ̀. Ó lè sọ iye pákó tí yóò bo òrùlé ilé kan, iye òpó àti igi tí yóò yí ilẹ̀ kan ká, àti iye hóró irúgbìn tí yóò tó fún oko kan. Olówó rẹ̀ jèrè púpọ̀ lára ìmọ̀ yìí. Àwọn ènìyàn tilẹ̀ fi owó ńlá lọ Elizabeth Cox pé kí ó ta Fuller fún àwọn, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Fuller fúnra rẹ̀ dúpẹ́ pé wọn kò ta òun. Ẹ jẹ́ kí a ro ìyẹn dáadáa: ohun tí ọkùnrin tó ní irú làákàyè yìí rí dúpẹ́ lé lórí ni pé wọn kò tún tà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ìbéèrè Mẹ́ta

Nígbà tí Fuller ti di arúgbó, tí irun rẹ̀ ti funfun, tí ó sì ti tó ẹni nǹkan bí àádọ́rin ọdún, àwọn ọkùnrin kan láti Pennsylvania gba agbègbè náà kọjá. Méjì nínú wọn ni William Hartshorne àti Samuel Coates. Wọ́n ti gbọ́ òkìkí rẹ̀, wọ́n sì ránṣẹ́ pè é láti dán an wò.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni iye ìṣẹ́jú-àáyá tó wà nínú ọdún kan ààbọ̀. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, ó dáhùn pé ó jẹ́ 47,304,000. Ó gbà á.

Ìbéèrè kejì ni iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ẹni tó ti lo àádọ́rin ọdún, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún àti wákàtí méjìlá ti lò láyé. Kò ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ tí ó fi dáhùn pé ó jẹ́ 2,210,500,800. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà ti ń fi gègé ṣe ìṣirò tirẹ̀ sórí ìwé. Ó ní Fuller ti ṣì í, pé iye náà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Fuller dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé ó ti gbàgbé àwọn ọdún tó ní ọjọ́ 366. Nígbà tí ọkùnrin náà fi wọ́n kún un, ohun tí ó rí kò yàtọ̀ sí ti Fuller.

Ìbéèrè kẹta ni pé bí àgbẹ̀ kan bá ní abo ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí abo mẹ́fà ní ọdún kìíní, tí gbogbo wọn sì ń bí bẹ́ẹ̀ títí ọdún mẹ́jọ fi pé, mélòó ni yóò ní? Èyí gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí pé ìbéèrè náà kò kọ́kọ́ yé e dáadáa. Nígbà tí wọ́n là á yé e, ó dáhùn pé 34,588,806 ni. Ó tún gbà á.

Ìtúpalẹ̀ Àwọn Nọ́ńbà Fuller

Nínú ìmọ̀ òǹkà, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń béèrè nípa nọ́ńbà ńlá ni ohun tí a fi mọ ọ́n. Àwọn nọ́ńbà kan wà tí ohunkóhun kò lè pín wọn dọ́gba àyàfi 1 àti àwọn fúnra wọn. Lára wọn ni 2, 3, 5, 7, 11 àti 13. Nọ́ńbà práìmù ni wọ́n. Gbogbo odidi nọ́ńbà tó ju 1 lọ, bí kò bá jẹ́ práìmù, àwọn práìmù ni a sọ di púpọ̀ kí a tó rí i, àkójọ práìmù kan ṣoṣo ni ó sì bá a mu. Àwọn ni bíríkì tí a fi mọ ilé rẹ̀. Euclid ará Gíríìsì fi ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí lélẹ̀ ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Kristi, Gauss ọmọ Jámánì sì fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní kíkún ní 1801, ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ikú Fuller.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹlẹ́dẹ̀. Abo mẹ́fà bí mẹ́fà-mẹ́fà, ó di 36. Bí a bá fi 6 ti àkọ́kọ́ kún un, ó di 42. Èyí túmọ̀ sí pé ní òpin ọdún kọ̀ọ̀kan, iye wọn di ìlọ́po méje ti tẹ́lẹ̀: 42, 294, 2,058, 14,406, 100,842, 705,894, 4,941,258, títí dé 34,588,806. Nítorí náà, ìdáhùn Fuller jẹ́ 2 lọ́nà 3 lọ́nà 7 ní ìgbà mẹ́jọ. Ẹni tó bá rí i pé ọ̀rọ̀ ìlọ́po méje ni ti borí ìṣòro náà. Ohun tó kù kò ju sùúrù lọ. Ẹni tí kò bá rí i, tí ó ń ka ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ní dé ibi kankan.

Ti ìbéèrè kejì le ju èyí lọ. Wákàtí méjìlá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 43,200. Àádọ́rin ọdún, pẹ̀lú ọjọ́ 17 tí àwọn ọdún ọlọ́jọ́ 366 mú wá, àti ọjọ́ 17 àti wákàtí 12 tó lé, jẹ́ ìdajì-ọjọ́ 51,169. Ìdáhùn Fuller nìyẹn: 51,169 lọ́nà 43,200. Ó rọrùn láti tú 43,200, nítorí 2 ní ìgbà mẹ́fà, 3 ní ìgbà mẹ́ta àti 5 ní ìgbà méjì ni a fi mọ ọ́n. Ṣùgbọ́n 51,169 jẹ́ práìmù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ dájú lè fi gbogbo práìmù láti orí 2 dé 223 pín in, àwọn méjìdínláàádọ́ta. Kò sí ọ̀kan tí yóò pín in dọ́gba. Nítorí náà, kò sí ọ̀nà àbùjá kankan nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń fi orí ṣe ìṣirò. Síbẹ̀, Fuller là á já. Bí a bá yọ ọjọ́ 17 ti àwọn ọdún ọlọ́jọ́ 366 kúrò, ohun tí yóò kù ni 2,209,032,000. Àṣìṣe onígègé náà lé ní mílíọ̀nù kan, nítorí pé ó gbàgbé ọjọ́ mẹ́tàdínlógún péré.

Àwọn ará Gíríìsì tún pín nọ́ńbà sí ọ̀nà mẹ́ta, Nicomachus sì ṣàlàyé èyí ní nǹkan bí 100 ọdún lẹ́yìn ìbí Kristi. Bí a bá ro gbogbo olùpín nọ́ńbà kan pọ̀ láìka òun fúnra rẹ̀, àròpọ̀ náà lè dín sí i, ó lè bá a dọ́gba, ó sì lè jù ú lọ. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó wà nínú ìtàn Fuller. Irun ìrù màlúù, 2,872, jẹ́ nọ́ńbà aláìtó: àròpọ̀ àwọn olùpín rẹ̀ jẹ́ 2,528. Ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà pípé, nítorí pé 1 àti 2 àti 3 jẹ́ 6. Ìdáhùn ẹlẹ́dẹ̀, 34,588,806, jẹ́ nọ́ńbà àkúnwọ́sílẹ̀: àròpọ̀ àwọn olùpín rẹ̀ jẹ́ 46,118,406.

Ohun Tí Wọ́n Fi Ìtàn Rẹ̀ Ṣe

Hartshorne àti Coates ròyìn ohun tí wọ́n rí fún Benjamin Rush, oníṣègùn ní Philadelphia, ọ̀kan nínú àwọn tó fọwọ́ sí ìwé òmìnira Amẹ́ríkà ní 1776. Ó wà lára ẹgbẹ́ tó ń jà kí òwò ẹrú dópin. Ní 1788, ó kọ ìtàn Fuller sínú lẹ́tà, ìtàn náà sì tàn kálẹ̀. Brissot, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó rìnrìn-àjò lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún náà, mú un lọ sí Yúróòpù nínú ìwé rẹ̀. Ní 1808, àlùfáà Grégoire tún mẹ́nu kàn án nínú ìwé tí ó kọ láti gbèjà làákàyè àwọn ènìyàn dúdú. Ní àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ ni ó ń sọ pé ọpọlọ ọmọ Áfíríkà kò tó ti òyìnbó. Fuller di ẹ̀rí tó já irọ́ náà.

Ẹ̀rí náà dára, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣọ́ra. Ẹni tí kò lè ka ju ogún lọ kò tọ́ sí oko ẹrú, bí ẹni tó ka bílíọ̀nù kò ti tọ́ sí i. Ọgbọ́n Fuller fi hàn pé irọ́ ni àwọn tó kó o lẹ́rú ń pa, síbẹ̀ kò sọ ọ́ di òmìnira. Wọ́n gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, ẹnu yà wọ́n, ó sì padà sí oko.

Ọkùnrin kan kẹ́dùn pé ó ṣe ni láàánú pé Fuller kò kàwé. Èsì tí ó fọ̀ ni pé ó sàn bẹ́ẹ̀, torí pé òmùgọ̀ pọ̀ láàrin àwọn tó kàwé. Ó kú ní 1790, ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ìwé ìròyìn kan ní Boston sì kéde ikú rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Kò wọ́pọ̀ kí wọ́n kéde ikú ẹrú nínú ìwé ìròyìn nígbà náà.

Ohun Tí Olùkọ́ Lè Rí Mú

Òǹkà Yorùbá fúnra rẹ̀ ń kọ́ ọmọdé ní ìtúpalẹ̀. Ogójì owó ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni orí kan, ìyẹn ẹgbàá, orí mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Bí a bá fi ọ̀kẹ́ wọn ìdáhùn ńlá Fuller, 2,210,500,800 di ọ̀kẹ́ 110,525 àti ẹgbẹ̀rin. Nọ́ńbà tó ń bani lẹ́rù tẹ́lẹ̀ ti wá ní orí àti ìrù. Ti ẹlẹ́dẹ̀ di ọ̀kẹ́ 1,729, ẹgbàá mẹ́rin, ẹgbẹ̀rin àti ẹẹ́fà. 1,729 yìí kan náà ni Ramanujan, ọmọ Íńdíà, fi hàn Hardy pé òun ni ó kéré jù nínú àwọn tí a lè rí ní ọ̀nà méjì nípa ríro kúùbù méjì pọ̀: kúùbù 1 àti ti 12, tàbí kúùbù 9 àti ti 10. Ó ṣe é ṣe kí irú ìdùnnú báyìí wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa náà.

Olùkọ́ tó wà ní Ilé-Ogbó lè fi ewúrẹ́ rọ́pò ẹlẹ́dẹ̀, kí ó sì ní kí àwọn ọmọ wá ìlọ́po méje fúnra wọn kí ó tó sọ ọ́. Ó lè ní kí wọ́n ka ebè oko kan ní igba-igba, kí wọ́n sì wá àwọn olùpín igba. Kí olúkúlùkù ṣírò iye ìṣẹ́jú-àáyá tí òun ti lò láyé, kí ó má sì gbàgbé àwọn ọdún ọlọ́jọ́ 366. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì sọ pé ìṣirò olùkọ́ kò tọ̀nà, kí olùkọ́ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kí ó tó bínú. Ẹni tó mú gègé dání lọ́jọ́ náà ni kò rántí.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìmọ̀ Thomas Fuller kì í ṣe idán. Ọmọ etíkun wa ni, tó gbé àṣà fífi orí ṣírò kọjá òkun, tó sì fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tún un ṣe nínú ìgbèkùn. Ohun kan kù tí a fẹ́ kí òǹkàwé mú lọ. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè nípa ẹni àádọ́rin ọdún, òun náà ti tó ẹni àádọ́rin ọdún. Láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá títí di ẹni àádọ́rin, ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Bí a bá ka ọdún ọlọ́jọ́ 366 mẹ́rìnlá mọ́ ọn, ó jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 1,767,225,600. Oko olóko ni ó ti lò wọ́n. Àwọn tó bi í léèrè rò pé eré ìṣirò ni. Òun tó dáhùn mọ bí ọjọ́ ṣe gùn tó.